Ìbọn Afẹ́fẹ́ fún Eku àti Ọ̀kẹ́rẹ́: Ti Sípíríǹgì ni tàbí Ti Gáàsì?

 

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ẹran kéékèèké tó ń bá wa jẹ ohun tí a kò fi lọ̀ wọ́n. Eku ń jẹ àgbàdo nínú àká, ó ń jẹ oúnjẹ adìyẹ, ó ń kó ẹyin, ó sì ń pa òròmọdìyẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá kòkó lu lórí igi kí onígi tó ká a. Májèlé tí à ń dẹ sílẹ̀ fún wọn ní ewu tirẹ̀, nítorí adìyẹ tàbí ajá tó bá fẹnu kàn án, tàbí tó bá jẹ eku tó ti jẹ ẹ́, lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ kan fi ń béèrè nípa ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí kì í lo ẹ̀tù bíi ṣakabùlà, tí ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀.

Oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń fi lọ àgbẹ̀: èyí tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, àti èyí tí gáàsì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò ní ti gáàsì ló dé kẹ́yìn, nítorí náà òun ló dára jù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dé kẹ́yìn ló bá oko gbogbo mu. A ó ṣàlàyé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí, kí ẹni tó bá fẹ́ náwó lè mọ ohun tó ń ra. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ìbọn, ẹ jẹ́ kí a dé orí òfin.

ÒFIN NI ÀKỌ́KỌ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí ìbọn yìí kò ti lo ẹ̀tù, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959, tó wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé náà. Òfin náà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi láàárín ọdún 5 sẹ́yìn pé ó hu ìwà ipá sí ènìyàn tàbí pé ó fi ìwà ipá halẹ̀ mọ́ ènìyàn.

Ohun méjì ni kí a fi sọ́kàn níbí. Èkíní, àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba lè sọ pé ní England, ẹni tó ti pé ọdún 18 lè ra ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n tí òfin wọn là sílẹ̀, láìgba ìwé àṣẹ kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Scotland tí wọ́n jọ pààlà, láti òpin ọdún 2016 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ní i gba ìwé. Bí ìlú ṣe yàtọ̀ ni òfin ṣe yàtọ̀. Kí ọmọ yín má ṣe di ìbọn mọ́ ẹrù ránṣẹ́ sí yín nítorí pé ó rí i rà lọ́jà lọ́hùn-ún. Ẹni tí ẹrù náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ níhìn-ín ni yóò ṣàlàyé fún kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá.

Èkejì kan ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó gba ìwé ni ìwé mọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá dáwó jọ ra ìbọn kan, tí ó ń ti ọwọ́ bàbá kan bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn bí a ti ń yá páǹpù tí a fi ń fín kòkó, ẹgbẹ́ náà ti ti ẹsẹ̀ bọ òfin. Ẹ lọ bá àwọn ọlọ́pàá kí owó tó jáde nínú àpò ẹgbẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tán. Bí wọn kò bá fún yín ní ìwé, ọ̀rọ̀ ìbọn parí síbẹ̀. Ẹ lọ ka apá tó kẹ́yìn nínú ìwé yìí, níbi tí a ti sọ ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe láìní ìbọn. Òun gan-an ló ń lé eku jù.

BÍ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ mú páǹpù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì tì í wọlé. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á há mọ́ra, á máa ti àtàǹpàkò yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọta kékeré kan ni ẹ fi dí ẹnu yẹn, tí ohun alágbára kan sì ti páǹpù náà wọlé lójijì, ọta yẹn á fò jáde. Gbogbo àṣírí ìbọn tí à ń wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú páǹpù yìí wà nínú ìbọn méjèèjì. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ni à ń pè ní písítìn, bíi ti mọ́tò. Nígbà tí a bá tẹ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀ láti dẹ ẹ́, písítìn á sún sẹ́yìn, á sì kọ́ sára tírígà. A ó ti ọta bọ ìdí ọ̀pá náà, a ó sì dá a padà. Bí a bá fa tírígà, písítìn á já sílẹ̀, á sáré síwájú, á tẹ afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò sì ti ọta jáde.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ohun tó ń ti písítìn síwájú. Nínú ìbọn onísípíríǹgì, irin tí a wé bíi sípíríǹgì abẹ́ mọ́tò ni. Bí a bá dẹ ìbọn, irin náà á sún kì. Bí a bá fa tírígà, á na ara rẹ̀ tán.

Nínú ìbọn onígáàsì, kò sí irin tí a wé. Ọ̀pá kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tẹ afẹ́fẹ́ tàbí náítírójìn mọ́ inú rẹ̀ gan-an, tí wọ́n sì dí i pa. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀pá tó ń gbé ìdérí bọ́ọ̀tù mọ́tò dúró tí kì í fi í já lé ènìyàn lórí, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ilẹ̀ England ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú ìbọn yìí jáde fún títà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Theoben. Ti sípíríǹgì ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa nípa gáàsì yìí. Kì í ṣe gáàsì ìdáná. Kì í jó, kì í bá ọta jáde, a kì í sì í lò ó tán bí ìgbà tí gáàsì ìdáná bá tán lọ́jọ́ ọdún. Inú ọ̀pá rẹ̀ ló ń gbé, ó ń há, ó ń na, gẹ́gẹ́ bí sípíríǹgì. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa wá rọ gáàsì lọ́dọ̀ òun lóṣooṣù fẹ́ gba owó yín lásán ni.

ÌBỌN ONÍSÍPÍRÍǸGÌ: IRE RẸ̀ ÀTI ÀBÙKÙ RẸ̀

Ire àkọ́kọ́ ni pé owó rẹ̀ máa ń dínkù sí ti gáàsì. Èkejì ni pé ó rọrùn láti tún ṣe. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ṣeé yọ, a sì lè fi tuntun rọ́pò. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó jìnnà sí ìlú ńlá, ni pé bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí i pé ọta ń balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì ti mọ̀ pé àkókò àtúnṣe ń bọ̀. Ẹ̀kẹrin, ooru ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yí agbára rẹ̀ padà.

Àbùkù rẹ̀ nìyí. A kì í dẹ ẹ́ sílẹ̀ pẹ́. Irin tí a há mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí á máa gba bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù. Bákan náà, bí sípíríǹgì bá na ara rẹ̀ tán, ó máa ń gbọ̀n nínú ìbọn, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí wáyà bá ń dún. Gbígbọ̀n yìí ń yẹ ojú ìbọn, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú gírígírí. Ọwọ́ fífúyẹ́ ni à ń fi gbé e. Kí ó jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ òsì, kí ó sì ráyè mi bó ṣe fẹ́ mi, bákan náà nígbà gbogbo.

Ìkìlọ̀ kan wà. Sípíríǹgì yìí kò sinmi tán nínú ìbọn, kódà nígbà tí a kò bá dẹ ẹ́. Ẹni tó bá tú ìdí rẹ̀ láìní irinṣẹ́ tó ń di í mú, irin náà lè fò jáde lù ú lójú. Kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo mẹkáníìkì.

ÌBỌN ONÍGÁÀSÌ: IRE RẸ̀ ÀTI ÀBÙKÙ RẸ̀

Gáàsì kò ní irin tí yóò máa gbọ̀n, nítorí náà ìró rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ ó kàn gbọ́ gbì. Písítìn rẹ̀ máa ń yára dé iwájú, ọta á sì tètè kúrò nínú ọ̀pá kí ọwọ́ tó yẹ̀. Ó sábà máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Ire rẹ̀ tó ga jù ni pé bí a bá dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, agbára rẹ̀ kì í dínkù.

Ní ti àbùkù, àkọ́kọ́ ni pé ó le láti dẹ. Ti sípíríǹgì máa ń rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń le bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ti gáàsì le láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Èkejì ni ooru. Gáàsì tí a dí pa máa ń ti ara rẹ̀ síta sí i bí ó bá ti ń gbóná. Bí òwúrọ̀ bá jẹ́ 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀sán sì di 37, bí gáàsì ṣe ń ti písítìn á fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn, yóò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹni tó dán ojú ìbọn rẹ̀ wò lọ́sàn-án gangan tó sì ń lọ ṣọ́ eku ní òru ọyẹ́, ọta rẹ̀ lè má balẹ̀ síbi tó rò. Àkókò tí ẹ ó lò ó ni kí ẹ dán an wò.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Bí ohun tó dí gáàsì pa bá jò, agbára ìbọn lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pá bọ́ọ̀tù mọ́tò ṣe ń ṣe. Kì í sì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀. Odindi ọ̀pá náà ni a ó rà, èyí tó bá irú ìbọn náà mu gan-an. Ẹ má ṣe lu ọ̀pá tó ti bàjẹ́ ní ihò, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ sínú iná, nítorí ohun tó há sínú rẹ̀ lè bú gbàmù.

ÈWO WÁ NI KÍ A RÀ?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Ìkíní: ṣé rírìn ni mò ń rìn, tàbí jíjókòó ni mò ń jókòó dè é? Ẹni tó ń rìn kiri abẹ́ kòkó kò gbọ́dọ̀ dẹ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ìgbà tó bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ ni yóò tó dẹ ẹ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ire gáàsì tó ga jù kò wúlò, ti sípíríǹgì tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ilé adìyẹ lálẹ́ lè jókòó fún ìṣẹ́jú 30 kí eku kan tó yọrí. Bí ó bá ní kí eku yọ kí òun tó tẹ ìbọn, ìró rẹ̀ nìkan ti lé e wọ ihò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìbọn tí a lè dẹ sílẹ̀ dè é. Ti gáàsì ló bá a mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn lè fara dà yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè fara dà. Ìbọn tí a dẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lọ tọ̀, ẹ kọ́kọ́ yin ín sínú ilẹ̀ rírọ̀.

Ìkejì: ta ni yóò bá mi tún un ṣe? Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà ibi tí sípíríǹgì, wáṣà písítìn tàbí ọ̀pá gáàsì mìíràn wà, kí ẹ sì fi ojú rí i. Bí ó bá ní òun yóò bá yín wá a tó bá yá, ẹ jẹ́ kí ó yá ná kí ẹ tó rà á.

Ìkẹta: ṣé apá mi ká a? Níbi tí kò léwu, ẹ fi ọta sí i kí ẹ dẹ ẹ́ kí ẹ sì yin ín ní ìgbà márùn-ún léra. Bí ọwọ́ yín bá ti ń gbọ̀n ní ìgbà karùn-ún, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù fún yín. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ba nǹkan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi agbára tàn yín. Ìbọn oníwọ̀ntúnwọ̀nsì tó ń balẹ̀ síbì kan náà lójoojúmọ́ sàn ju alágbára tó ń fò bí ẹ̀lúùlù lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Àgbẹ̀ tó jìnnà sí ìlú ńlá, tó fẹ́ ṣọ́ oko kòkó tàbí àká àgbàdo, kí ó mú ti sípíríǹgì. Ẹni tó ń sin adìyẹ púpọ̀, tó ń jókòó ṣọ́nà lálẹ́, tó sì ti mọ ibi tí yóò ti rí ọ̀pá gáàsì rà, ti gáàsì yẹ ẹ́.

ẸRAN TÍ Ó TỌ́ SÍ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ TỌ́ SÍ

Ọta 4.5 mìlímítà àti 5.5 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Ti 4.5 máa ń fò tààrà, ti 5.5 sì tóbi sí i nígbà tó bá balẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tó fún eku àti ọ̀kẹ́rẹ́, bí a bá wà nítòsí tí a sì yin ín ní orí. Kò tó fún ọ̀yà, kò tó fún ọ̀bọ, kò tó fún ìgalà. Ẹran tó gba ọta tí kò kú, inú igbó ni yóò ti máa jẹ̀rora. Ìwà ìkà ni, kò sì lé kòkòrò kan kúrò lóko.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ bí ó ti yẹ kí ẹ súnmọ́ tó? Ẹ fi ìdérí ìgò mínírà yàwòrán sórí páálí. Ẹ yin ọta márùn-ún sí i láti mítà 10. Bí márààrún bá wọ inú àmì yẹn, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti kọ́kọ́ bọ́ síta, ẹ ti kọjá ààlà yín. Ẹ má ṣe yin eku láti ibẹ̀.

Ẹyẹ ẹ̀gà tó ń jẹ ìrẹsì àti àgbàdo kì í ṣe ti ìbọn. Bí ẹ bá pa mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ń bẹ lẹ́yìn. Nẹ́ẹ̀tì, ìlé-ẹyẹ, àti kí gbogbo aládùúgbò gbìn ní àkókò kan náà ló ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwìwí sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́, wọ́n sì ń wá a pa. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Ọdẹ tí kì í gbowó ni òwìwí jẹ́ fún àgbẹ̀.

ÌTỌ́JÚ ÀTI ÌṢỌ́RA

Ohun tí a ó sọ yìí kan oríṣi méjèèjì.

1. Ẹ má ṣe yin ín láìsí ọta nínú rẹ̀. Ọta ló ń dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀ kí písítìn má bàa lu irin. Bí kò bá sí i, písítìn á máa fọ́ ara rẹ̀.

2. Bí ẹ bá ń ti ọta bọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ kan di ọ̀pá ìbọn mú. Bí tírígà bá já nígbà tí ọ̀pá ṣì ṣí sílẹ̀, ó lè ṣẹ́ ìka.

3. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì mọ́tò sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ pọ̀ lójijì máa ń gbóná, ó sì lè mú kí ọ́ìlì náà gbiná nínú páǹpù, bí iná ṣe ń ràn nínú ẹ́ńjìnnì oní-dísù. Wáṣà á bàjẹ́, ọta á sì jáde pẹ̀lú agbára tí ẹ kò retí.

4. Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tí ẹ ń yìn. Ọta ìbọn yìí lè fò kọjá mítà 200. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá wà lórí igi, kí ìtì igi wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ojú ọ̀run ni ẹ bá ń rí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ẹ má ṣe yin ín sí páànù, òkúta tàbí síméńtì, nítorí ọta máa ń ta padà. Ebè yẹ̀pẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn eku.

5. Ojú ni ìbọn yìí máa ń bàjẹ́ jù lára ọmọdé. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí ọta rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé àṣẹ.

LẸ́YÌN TÍ EKU BÁ TI KÚ

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, ara eku kékeré kan tó ń gbé ilé àti oko ló ti ń wá. Ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ eku náà lè kó o ran ènìyàn. Ara eku fúnra rẹ̀ máa ń le koko, kò sí àmì tí ẹ fi lè mọ èyí tó ní i. Ọta ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, nítorí náà ẹni tó ń yin eku súnmọ́ ewu ju ẹni tó dẹ tàkúté lọ.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá méjì gbé e, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, níbi tí ajá kò ní lè hú u, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní iṣẹ́ yìí. Eku ilé àti eku àká kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.

Òjé ni ọ̀pọ̀ ọta wọ̀nyí, májèlé sì ni òjé. Adìyẹ máa ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú iwe rẹ̀ láti fi lọ oúnjẹ. Bí ó bá rí ọta nílẹ̀, yóò ṣà á mọ́ ọn, òjé yóò sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe yìnbọn nínú àgbàlá tí adìyẹ ti ń jẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu di ọta mú, ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

ÌBỌN KỌ́ NI ÌBẸ̀RẸ̀

Abo eku kì í lóyún ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí ó tó bímọ, ọmọ rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Ẹni tó pa márùn-ún lóru kan, tí oúnjẹ sì wà nílẹ̀ fún èyí tó kù, ń fi agbọ̀n pọn omi ni. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eku.

Ẹ da oúnjẹ adìyẹ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Ẹ gbá èyí tó dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ihò tí àtàǹpàkò bá ti wọ̀, ọmọ eku wọ̀ ọ́. Ẹ fi síméńtì tàbí wáyà dí i. Ẹ ro àyíká ilé ọ̀sìn àti àká, kí ilẹ̀ mọ́ roro káàkiri, nítorí eku kì í fẹ́ rìn ní gbangba. Àká àgbàdo kò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ rẹ̀ ga tó mítà kan, kí ẹ sì fi páànù tí a ká bí àrọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó nà dé orí rẹ̀, ẹ sì gbé àkàbà kúrò bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ní oko kòkó, ẹ máa ká èyí tó ti pọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra, kí ọ̀kẹ́rẹ́ má rí i bá lórí igi. Ẹ dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà eku lẹ́bàá ògiri.

Bí ẹgbẹ́ bá ní owó tí yóò ra ìbọn kan, kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye páànù, dúrọ́ọ̀mù àti tàkúté tí owó náà lè rà fún ọmọ ẹgbẹ́ gbogbo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìwọ̀nyí, eku díẹ̀ tó bá kù ni ìbọn afẹ́fẹ́ wà fún, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ìwé àṣẹ, tó mọ̀ ọ́n yìn, tó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun yìn ín.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé tó, kí ó lọ bá òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n jọ yẹ àká àti ilé adìyẹ náà wò. Iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sì gba owó.

Oko yín kò ní di ti eku o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.